Mo lo oògùn aran fún àwọn adìyẹ mi, aran ṣì wà nínú ìgbẹ́ wọn

Alágbébọ̀ Ìbàdàn béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ọ̀sìn adìyẹ. Adìyẹ ìbílẹ̀ ni mo ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé wa. Wọn a máa jẹ̀ kiri ní ọ̀sán, wọn a sì wọlé sùn ní alẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn àgbébọ̀ ti ń rù, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ wọn kò dín. Ogbe orí wọn ti ṣì, ẹyin wọn sì ti dínkù. Mo ra piperazine, mo pò ó mọ́ omi wọn bí ìwé ara rẹ̀ ti wí, síbẹ̀ mo ń rí nǹkan funfun pẹlẹbẹ bíi hóró ìrẹsì nínú ìgbẹ́ wọn, òmíràn tilẹ̀ ń rá. Ṣé kí n lo ìlọ́po méjì oògùn náà ni?

Oníṣègùn Ẹran fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi kún un. Ohun tí ẹ rí yẹn jọ ègé ara aran pẹlẹbẹ, piperazine kò sì ràn án, nítorí aran gbọọrọ tí ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, èyí tí à ń pè ní Ascaridia galli, ni agbára rẹ̀ mọ sí. Levamisole ń pa ju ìyẹn lọ, àmọ́ òun náà kì í pa aran pẹlẹbẹ. Praziquantel ni ó ń ká a, dókítà ẹran ni yóò sì wọn iye tí ó tọ́ sí ìwúwo adìyẹ yín. Ẹ kó ìgbẹ́ tútù lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó náwó, torí pé oríṣi aran méjì lè wà nínú adìyẹ kan náà.

Ìyá Ọlọ́sìn fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò lè tán an. Adìyẹ kì í kó aran pẹlẹbẹ láti inú ìgbẹ́ ní tààrà. Èèrà, eṣinṣin àti àwọn kòkòrò abìyẹ́ líle tí ó ti jẹ ẹyin aran náà ni adìyẹ ń ṣà jẹ. Nítorí náà, ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò lábẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn, ẹ pààrọ̀ èérún pákó tí ó bá ti rin, ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ ṣẹ́kù sílẹ̀ di ti èèrà. Ní ti aran gbọọrọ, inú ilẹ̀ tútù ni ẹyin rẹ̀ ń pẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ya àwọn òròmọdìyẹ sọ́tọ̀, nítorí àwọn tí kò tíì pé oṣù 3 ni ó ń pa lára jù. Bí ẹ bá sì ń sin tólótóló, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ adìyẹ rárá: aran kékeré kan nínú ìfun adìyẹ ń gbé àrùn tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ tólótóló jẹ́.

Alágbébọ̀ Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹyin tí wọ́n ń yé lásìkò oògùn ńkọ́?

Oníṣègùn Ẹran:

Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á, títí iye ọjọ́ tí dókítà bá dá fún yín yóò fi pé. Bí ó bá jẹ́ oògùn inú omi ni wọ́n kọ fún yín, ẹ gbé omi kúrò níwájú wọn ní ìdájí, kí òùngbẹ lè mú wọn mu omi oògùn náà tán kí oòrùn tó mú.