Ẹ wá sọ ìrírí yín: ta ló ń ta ìpara òrí tàbí ọṣẹ dúdú ní Yúróòpù?

Ará Dublin:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹni tó ní ìyá òun fi òrí ránṣẹ́ láti Ṣakí, ṣé òun lè máa rọ ọ́ sínú ike tà, ẹ gbọ́ tèmi. Ìpara òrí ni mò ń ṣe níbí. Òfin EU tí wọ́n ń pè ní 1223/2009 ò wò ó bóyá ilé ìdáná lẹ ti ṣe é o, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ tà á, ẹnìkan nínú EU gbọ́dọ̀ dúró fún un, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀ wà lára ike. Èmi ni mo dúró fún tèmi. Assessor, ìyẹn onímọ̀ tó ń wò ó bóyá ọjà léwu, á wá yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ CPSR, ìyẹn ìwé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní CPNP, ìyẹn ojúlé EU lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ yẹn.

Òróró ewé tíì tí mo fi ń mú un ta sánsán ló gba wàhálà jù. Citral, geraniol àti limonene wà nínú ẹ̀, wọ́n lè mú kí ara ẹlòmíì máa yún ún kó sì wú, torí náà assessor ní dandan kí n gba ìwé tó sọ iye tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́. Tó bá ti ju 0.001% lọ nínú ìpara, orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lára ike, ti ọṣẹ tí wọ́n máa ń ṣàn kúrò ni 0.01%. Ẹni tó ń ta òróró fún mi ò rí ìwé kankan mú wá, mo bá wá ẹlòmíì. Mi ò sì ki omi bọ̀ ọ́ rárá, torí tómi bá ti wọ inú ìpara, wọ́n á ní kẹ́ ẹ san owó àyẹ̀wò bóyá kòkòrò àìfojúrí ò ní máa bí síbẹ̀, owó gidi sì ni.

Oníbàárà kan ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń wo làpálàpá, mo ní rárá, tí mo bá kọ ìyẹn, ó ti di oògùn nìyẹn, òfin tiẹ̀ yàtọ̀.

Ará London:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ̀yin ará England, Scotland àti Wales, ìwé EU nìkan ò tó wa mọ́ láti January 2021 o, ẹ ní láti lẹ́nì kan tó ní àdírẹ́sì níbí tó máa dúró fún ọjà yín, kẹ́ ẹ sì forúkọ ọjà sílẹ̀ ní SCPN, ìyẹn ojúlé ìforúkọsílẹ̀ ti UK. Àwọn tó ń bi mí ní ìpara ìbóra tó ní kẹ́míkà hydroquinone, mi ò ní bá yín tà á láéláé, òfin ti kọ̀ ọ́, ó sì ń ba awọ ara àwọn èèyàn wa jẹ́.

Ará Hamburg:
Ọṣẹ dúdú ni tèmi. Assessor fẹ́ mọ ìdá tí eérú èèpo kòkó jẹ́, ìdá tí àdín jẹ́, àti pH ẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ní ásíìdì tàbí álíkálì tó), torí eérú lè bó èèyàn lára. Ìyá tó ń sè é fún wa ní Ìsẹ́yìn ní ojú lòun fi ń wọ̀n ọ́n láti kékeré. Àbúrò mi bá gbé síkéèlì lọ bá wọn, bí ìyá ṣe ń bu nǹkan sínú ìkòkò ló ń wọ̀n ọ́n tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sè é lásètúnsè títí iye ẹ̀ fi ń bára mu. CPSR ti jáde báyìí, lébẹ́ẹ̀lì ló kù tí mò ń tẹ̀.