Ṣé ẹsẹ̀ èèyàn 60 lè ba igbó Yankari jẹ́ lóòótọ́?

OmoAgbeKubwa:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú wa níbí ní Abuja fẹ́ lọ Yankari, igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹran ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ní oṣù kejì, bọ́ọ̀sì méjì, àwa bíi 60, a ó sùn síbẹ̀ ọjọ́ méjì, a ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi Wikki tó ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, a ó wo erin, a ó sun ẹran lálẹ́. Bí mo ṣe gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ báyìí, àǹtí wa kan ní òun ò lọ, pé àwa àlejò gan-an la ń ba irú ibẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí torí mo fẹ́ràn igbó, ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹni tó ń pa ẹran tàbí tó ń gé igi, mo gbà pé ìyẹn ń ba igbó jẹ́. Ẹni tó kàn wá wòran tó padà sílé ńkọ́, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Igbó tó tó kìlómítà 2,244 níbùú lóròó! Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye jọ̀ọ́.

GaidiBauchi:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú àlejò wọ Yankari lọ́pọ̀ ìgbà. Òótọ́ ni pé igbó náà tóbi, àmọ́ ibo lẹ ń lọ nínú ẹ̀? Gbogbo yín ò ní kọjá Wikki àti etí odò Gaji. Ẹ tún wo oṣù tẹ́ ẹ mú, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń ní kí àlejò wá, torí omi ti gbẹ níbòmíràn, gbogbo ẹran ló ń wá mumi ní Gaji, ibẹ̀ lẹ ti máa rí wọn. Èyí tó dáa fún àlejò yìí gan-an ló le fún ẹran. Erin tó bá gbọ́ ariwo àti spíkà létí odò á yí padà tòùngbẹ tòùngbẹ, níbo ló tún fẹ́ lọ?

Ti babúùnù, àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀, ló wá ń ká mi lára jù. Ẹnì kan á ju búrẹ́dì sí i, á ya fótò, á rẹ́rìn-ín, á bá tiẹ̀ lọ. Babúùnù ò lọ ní tiẹ̀ o. Lọ́la á tún wá, lọ́tùn-únla á mú ọmọ ẹ̀ wá, ọmọ yẹn á dàgbà á mọ báàgì ju èso igi lọ, á máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọdé, á máa wọ yàrá àlejò. Àìsàn sì lè ràn láti ara wa sí tiwọn àti láti tiwọn sí tiwa. Ọjọ́ tó bá gé èèyàn jẹ, òun ni wọ́n máa yìnbọn fún, kò sẹ́ni tó máa wá ẹni tó kọ́kọ́ fún un ní búrẹ́dì.

TisaSuleja:
Ẹ fi ti ẹran sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wolẹ̀. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò yín, ṣebí ojú góòlù ni koríko kì í hù? Kò sẹ́ni tó tu ú o, ẹsẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ pa. Ilẹ̀ tó rọ̀ ní ihò tíntìntín tí omi àti atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà, ibẹ̀ ni ekòló ń gbà. Tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ títí tó le bíi símẹ́ńtì, irúgbìn tó bá já bọ́ síbẹ̀ ò ríbi fìdí múlẹ̀, òjò ò ní rinlẹ̀ mọ́, orí ilẹ̀ ló máa sáré gbà lọ tòun ti iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò igi á wá yọ síta. Ní Gurara, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, lójú ọ̀nà téèyàn ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi, mo rí ọ̀nà kan tó ti di mẹ́ta mẹ́rin torí oníkálukú ń wá àbùjá.

Èyí tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu nígbà tí mo kà á nìyí. A máa ń ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ti ẹsẹ̀ lórí koríko ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́, àwọn tó bá tún gba ojú ibẹ̀ lẹ́yìn wọn, ohun tí wọ́n máa fi kún un ò tó nǹkan mọ́, torí koríko wo ló kù? Èèyàn 60 tó tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀ lè sàn ju mẹ́wàá tó fọ́n ká sínú igbó. Torí náà ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ pín ara yín káàkiri kẹ́ ẹ má bàa pọ̀ jù lójú kan. Kẹ́ ẹ tó gbéra nílé, ẹ gbọn bàtà àti ṣòkòtò yín dáadáa, èèmọ́ àti irúgbìn mìíràn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, bí koríko àjèjì ṣe ń dénú igbó nìyẹn.

IyaIbejiJos:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n má lọ mọ́ o. Igbó tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wò, ọdẹ òru ló ń gbà á. Èmi kó àwọn ìbejì mi lọ, wọ́n fojú ara wọn rí erin, kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn mọ́ pé eyín erin dáa lọ́rùn èèyàn.

Ohun tí mi ò lè gbà ni ọṣẹ. Omi Wikki yẹn, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, bíi 31 dígírì ló máa ń wà, ó mọ́ gaara téèyàn ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀, àwọn kan á wá da ṣáńpù sí i. Kì í dúró síbẹ̀ o, inú Gaji ló ń ṣàn lọ, ẹnu ẹran ló ń dé. Ẹran sísun náà, koríko oṣù kejì yẹn bí ẹ̀tù ìbọn ló rí, ẹ ra súyà yín ní Bauchi kẹ́ ẹ tó wọlé. Kẹ́ ẹ sì ka náílọ̀nù píọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ kó lọ, iye tẹ́ ẹ kó lọ ni kẹ́ ẹ kó bọ̀.

OmoAgbeKubwa:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe àǹtí yẹn, mo ti bẹ̀ wọ́n. Spíkà ti kúrò nínú lísítì, súyà la máa rà, inú bọ́ọ̀sì tá a tì pa ni oúnjẹ máa wà. Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ní ọṣẹ dúdú ni tàwọn, pé kò ní kẹ́míkà, ṣé ìyẹn náà ò dáa?

GaidiBauchi:
Ọṣẹ dúdú náà ọṣẹ ni, eérú àti epo kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é? Bó ṣe ń ta yín lójú ló ṣe ń ta ẹja níbi tó fi ń mí. Kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ nínú báàfù yàrá wọn, kí wọ́n ṣan ara dáadáa, kí wọ́n tó wọ Wikki. Ìpara náà, tí wọ́n bá jáde nínú omi ni kí wọ́n pa á.