Ìró wo ló ti yà yín lẹ́nu rí láàárín èdè Potogí àti Gẹ̀ẹ́sì?

Ará Salvador: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi sín lánàá, ó ní "atchim!" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ní rárá o, "achoo" ni. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di ẹjọ́. Ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì: "Kkkkk" ni tèmi! Ọ̀gá wa kan, ará Amẹ́ríkà, rí i lórí WhatsApp ibi iṣẹ́, ara bù ú máṣọ. Ó rò pé KKK ni, ìyẹn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà tó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Bràsíl tó kọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín ni tirẹ̀.

Bàbá Onílù: Háà!

Ará Salvador: "Cá" ni wọ́n ń pe lẹ́tà k ní Bràsíl níbí, Ìyá Ìbejì. Ká-ká-ká ni wọ́n ń kà á. Àwọn mìíràn a kọ rsrs, ìgékúrú "risos", ìyẹn ẹ̀rín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àwa náà kì í rẹ́rìn-ín kèékèé ni? Kí ló wá ń dẹ́rù bà á?

Ìyá Ìbejì: Aláwọ̀ dúdú ni ọ̀gá yẹn. Àwọn Klan wọ̀nyẹn ló máa ń dáná sun àgbélébùú níwájú ilé àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà kan rí. Má bi í bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó yé mi, mà.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ gbọ́ ìparí "atchim" yẹn dáadáa: imú ló ń gbà jáde, bíi "sín" tiwa gẹ́lẹ́. Bí àyà bá ń lù, "tum-tum" ni wọ́n ń wí, imú náà ni. "Achoo" ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu lásán ni.

Bàbá Onílù: Agogô tí wọ́n ń lù ní Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíl, ńkọ́? Orúkọ tiwa ló ń jẹ́, ìró rẹ̀ náà ló sì ń pè.

Olùkọ́ Àgbà: Agogo tiwa, ohùn kan náà ló dúró lé. Tiwọn gbé ìparí sókè. Ìró wo ló wá ń pè níbẹ̀?

Bàbá Onílù: Ẹnu méjì ló wà lára agogô tiwọn, Olùkọ́. Ńlá ń dún nísàlẹ̀, kékeré ń dún lókè. Ẹ lù ú ná kí ẹ tó jiyàn.

Fèrèsé São Paulo: Ẹ ò dárúkọ bem-te-vi! Ẹyẹ aláyà ofeefee ni, igbe rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: "mo rí ọ dáadáa." Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ igbe kan náà, "kiskadee" ni wọ́n pè é. Èmi tí wọ́n fi kowéè dẹ́rù bà ní kékeré, bí bem-te-vi bá ti ké láàárọ̀, mo ti ti fèrèsé.

Ìyá Ìbejì: Kí ni kowéè ṣe fún yín? Bàbá mi àgbà a máa dá a lóhùn lóru ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí ni wọ́n máa ń sọ fún un, mà?