Yerkes àti David Dunlap: tí yunifásítì bá ti ilé ìwòràwọ̀ pa, kí ni ká kọ́kọ́ dì mú?

Ìràwọ̀Àárọ̀:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Yunifásítì Chicago kéde ní oṣù kẹta 2018 pé àwọn máa ti ilé ìwòràwọ̀ Yerkes tó wà ní Williams Bay, Wisconsin, wọ́n sì tì í lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Yunifásítì Toronto ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wọn: ní 2008, wọ́n ta David Dunlap tó wà ní Richmond Hill fún kọ́ńpìnnì tó ń kọ́lé tà, mílíọ̀nù 70 dọ́là Kánádà. Síbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n wó nínú méjèèjì, àwọn tó ń wo ìràwọ̀ fún ìfẹ́ lásán sì wà lára àwọn tó dìde sọ́rọ̀ náà.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbòmíì, kí ni ká kọ́kọ́ dì mú: ilẹ̀ ni, àbí tẹlisíkóòpù, àbí àwọn fọ́tò àtijọ́? Kí ló sì máa ń bàjẹ́ láàárín ìgbà tí wọ́n tì í àti ìgbà tí wọ́n á tún un ṣí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ká kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ká sì máa gba ìbuwọ́lùwé. Ìyẹn ti yé mi.

Ìwé-Ilẹ̀:
Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí ilẹ̀ ni olówó ń wá. Ta ló fẹ́ ra tẹlisíkóòpù? Ilẹ̀ Dunlap lé ní hẹ́kítà 70 nígbà tí wọ́n tà á, ìlú sì ti yí i ká.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi orúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi fi ilẹ̀ àti ilé náà tọrẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòràwọ̀ àtijọ́ ló jẹ́ ẹ̀bùn: Jessie Dunlap ló fi ti Richmond Hill ṣe ìrántí ọkọ rẹ̀, owó Charles Yerkes ló kọ́ ti Wisconsin. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ní àdéhùn nínú nígbà mìíràn, pé ìràwọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa fi ibẹ̀ wò, tàbí pé bí wọn ò bá lò ó mọ́, kó padà sọ́wọ́ ẹbí. Kí lọ́yà kà á kẹ́ ẹ tó lọ bá oníròyìn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀ kí ìjọba kọ ibẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìṣe nìyí: "ilé" nìkan ni wọ́n á kọ. Ẹ dárúkọ tẹlisíkóòpù, òpó tó jókòó lé, òrùlé rìbìtì àti ẹ̀rọ tó ń yí i, aago, àpótí gíláàsì fọ́tò (gíláàsì tí wọ́n ń ya fọ́tò ìràwọ̀ sí látijọ́), lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọn ò bá dárúkọ, onílé lè tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ kó sì gbé e lọ, kò sì ní rú òfin kankan.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí ilé bá di tiyín. Ní 2009, ẹ̀ka Toronto ti RASC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo Dunlap nígbà tí kọ́ńpìnnì tó rà á ṣì ni ín. Ìwé àdéhùn lílò àti ìbánigbófò (insurance) fún àlejò tó bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ìyẹn náà ni onílé máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìlú Richmond Hill ló ni ibẹ̀ báyìí.

WóòmùÀtiJíà:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ọ̀rinrin kì í dúró de lọ́yà. Láti ìgbà tí wọ́n ti Yerkes títí dìgbà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó gbà á ní oṣù karùn-ún 2020, oṣù 19 ni. Ìgbà òtútù méjì ló wà nínú ẹ̀.

Lẹ́ǹsì ibẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 40, ilé iṣẹ́ Alvan Clark ló ṣe é. Gíláàsì méjì ló ní, irú wọn sì yàtọ̀ síra, crown àti flint; flint ni ọ̀rinrin tètè máa ń bà jẹ́. Tí ọ̀rinrin inú túùbù bá ń wà lókè ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, èébu á hù sára lẹ́ǹsì, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn. Oje rẹ̀ kan, ó sì ń jẹ gíláàsì: ẹ nu èébu kúrò tán, ojú ibi tó ti hù á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin síbẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà láàárín 40 sí 50. Kí ohun tí ẹ fi ń wọn ọ̀rinrin jẹ́ méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì, ọ̀kan nísàlẹ̀ túùbù, torí nọ́ńbà wọn kì í bára mu. Ẹ fi àpò silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin) sínú ọmọrí lẹ́ǹsì; tó bá ti yí àwọ̀, ẹ yan án nínú ofíìnì ní 120°C fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ má fi nílọ́ọ̀nù wé túùbù tó ti tutù tẹ́lẹ̀. Inú nílọ́ọ̀nù yẹn ni èébu ń wá.

Eruku ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ba lẹ́ǹsì jẹ́ ni ọwọ́ ẹni tó ń fi aṣọ nù ún. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, kẹ́ ẹ wá fi òwú tó rin fún omi distilled àti ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ jù ú nù, ẹ mú òmíràn. Ẹ má tú gíláàsì méjèèjì síra. Bó bá di dandan, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa àmì V sí etí àwọn méjèèjì àti sára òrùka irin tó dì wọ́n mú, kẹ́ ẹ sì ka àwọn bébà irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tó wà láàárín wọn. Bí gíláàsì kan bá fi díẹ̀ yí, ìràwọ̀ ò ní rí roboto mọ́.

Ẹ̀rọ aago tó ń yí tẹlisíkóòpù tẹ̀ lé ìràwọ̀ ńkọ́? Gírísì rẹ̀ á ti gan bí oje igi. Kẹrosíìnì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. WD-40 kì í ṣe òróró. Tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ní eyín 360, wóòmù (irin oníkọ̀ǹrọ̀ tó ń yí kẹ̀kẹ́ náà) gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 239 àti díẹ̀. Ẹ fi fóònù ka ìyípo mẹ́wàá. Òrùlé náà, ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí táyà irin rẹ̀ má bàa jókòó síbì kan. Ẹ wo okùn irin gbogbo, pàápàá níbi tó ti wọ inú púlì. Ní oṣù karùn-ún 1897, okùn tó ń gbé ilẹ̀ yàrá tẹlisíkóòpù Yerkes gòkè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ já, ilẹ̀ yàrá náà wó lulẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò bá lẹ́ǹsì.

OnígíláàsìFọ́tò:
Ẹ ò tíì mẹ́nu kan ohun tí kò ṣe é rà padà. Yerkes ní gíláàsì fọ́tò tó lé ní 170,000. Ẹ gbé wọn dúró lóòró lórí etí wọn tó gùn. Ẹ má tò ó lé ara wọn, torí ti òkè á fọ́ ti ìsàlẹ̀. Ìdá 30 sí 40 ọ̀rinrin, kò gbọdọ̀ gbóná. Ojú tí kò dán ni fọ́tò wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì kó wọn sí yàrá tí páìpù omi gba òkè rẹ̀: ní oṣù kìíní 2016, páìpù bẹ́ ní Harvard, omi sì rin nǹkan bí 61,000 gíláàsì.

Ẹ ò gbọdọ̀ fi ìkánjú nu yíǹkì tí wọ́n fi kọ̀wé sẹ́yìn gíláàsì. Iṣẹ́ àwọn tó wọn ìràwọ̀ náà nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ná.

Ìràwọ̀Àárọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Dunlap ní tiẹ̀, dígí ló ní, kì í ṣe lẹ́ǹsì. Wọ́n sì ní iná Toronto ti pa ojú ọ̀run ibẹ̀. Ṣé ó yẹ ká ṣe wàhálà lórí ẹ̀?

WóòmùÀtiJíà:
Dígí náà fẹ̀ tó íǹṣì 74, Grubb Parsons ló ṣe tẹlisíkóòpù náà, 1935 ni wọ́n ṣí i. Ojú dígí kì í pẹ́: alumíníọ̀mù tó wà lórí ẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún mìlímítà péré, ó sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fi kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n pò fẹ́lẹ́ (irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò) bó ti àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi omi distilled ṣàn án, kí wọ́n tó gbé e sínú táǹkì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, láti fi alumíníọ̀mù tuntun bò ó. Bí ìka bá kàn án lẹ́yìn fífọ̀, alumíníọ̀mù tuntun á ṣí níbẹ̀ gan-an.

Ní ti iná ìlú, gáláṣì tó ṣókùnkùn ni ẹ ò ní rí mọ́. Ẹ fọ́ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀, iná ò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni Tom Bolton ti lo tẹlisíkóòpù yìí ní 1971, tó rí i pé ìràwọ̀ kan ń yí ohun àìrí ká ní ọjọ́ 5.6, ní Cygnus X-1, tí wọ́n gbà pé ihò dúdú (black hole) wà níbẹ̀. Ìràwọ̀ náà ò ju ìpele ìmọ́lẹ̀ (magnitude) 9 lọ; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò sọ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun nísàlẹ̀ túùbù, ìbáà jẹ́ kámẹ́rà kílò 20, ẹ ti ìdádúró méjèèjì tí kì í jẹ́ kí túùbù yí pa, kẹ́ ẹ sì so iṣu irin tó wúwo bákan náà sí ipò rẹ̀. Tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí túùbù á já wálẹ̀ sórí ẹni tó dúró lábẹ́ rẹ̀, á sì fọ́ lẹ́ǹsì pẹ̀lú.