Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí owó ìpalára ológun tó ti fẹ̀yìn tì: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ohun tí mo béèrè níbí ni ọ̀nà tó kù fún ológun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, tí VA (ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì) ò gbà pé iṣẹ́ ológun ló ba etí rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i.

Bí ẹ̀rí tuntun bá wà, fọ́ọ̀mù 20-0995 ni kí ẹ kọ láti tún béèrè. Bí kò bá sí, àmọ́ tó jẹ́ pé wọ́n ṣi ìwé kà, 20-0996 ni, kí òṣìṣẹ́ àgbà tún un wò. Ẹ má fi ìwé tuntun mọ́ ọn, wọn ò ní wò ó. Fọ́ọ̀mù 10182 ló ń gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ VA.

Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn ni lẹ́tà dókítà. "Ó lè jẹ́ ariwo ìbọn" kò tó rárá. Kí dókítà kọ ọ́ pé òun ti ka ìwé ìlera ìgbà iṣẹ́ ológun, pé ó kéré tán, ìdajì sí ìdajì ni pé iṣẹ́ náà ló fà á, kó sì ṣàlàyé ìdí. Láìsí àlàyé yẹn, lẹ́tà náà ò lágbára. Ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lè jẹ́rìí lórí fọ́ọ̀mù 21-10210.

Ẹ fi èyí tí ẹ bá yàn nínú fọ́ọ̀mù mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé lórí déètì ìwé ìpinnu VA. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ẹ̀yìn (owó àwọn oṣù tó ti kọjá) lè wọmi.

Ìtọ́jú ò sì gbọ́dọ̀ dúró de owó: fọ́ọ̀mù 10-10EZ, tí wọ́n fi ń béèrè ìtọ́jú ìlera VA, dá dúró ni, ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí.