Níbo ni mo ti lè rí Àjàní Ògún wò látòkèdélẹ̀?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ sinimá, ẹ gbà mí o. Ìlọrin ni mo wà. Lójú tèmi, kò sí fíìmù Yorùbá tó ju Ṣaworoidẹ ti 1999 lọ. Aníkúlápó ti 2022 náà dùn ún wò, aṣọ wọn kúnjú, àmọ́ ó ti gùn jù. Kunle Afolayan tó ṣe é ló jẹ́ kí n máa wá iṣẹ́ bàbá rẹ̀, Ade Love, ọmọ Agbamu níbí ní Kwara.

Àjàní Ògún (1976), tí Ola Balogun darí, tí Ade Love sì ṣeré nínú rẹ̀, ni mò ń wá báyìí. Bàbá mi ṣì ń kọ orin inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ó máa ń lù ú mọ́ Kádàrá ti 1980.

Àjákù ni mo rí lórí YouTube, àwòrán ń gbọ̀n, ohùn ń sáré ṣáájú ẹnu. Mo ra sídíì kan l'Ọ́jà Ọba. Ade Love wà lára páálí rẹ̀ gàdàgbà. Fíìmù àná-àná yìí ló wà nínú! Ẹni tó tà á ní kí n ṣáà máa wò ó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ibi tí ìjọba ń kó fíìmù àtijọ́ pamọ́ sí wà ní Jos, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, owó mọ́tò kì í ṣe kékeré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti débẹ̀ rí: ṣé odindi Àjàní Ògún wà lọ́wọ́ wọn, ṣé wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì jókòó wò ó?