"Ìsọnù dátà" ò lè gba gbogbo ẹ̀ o

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká máa pe gbogbo wàhálà tíná ń kó bá háàdì dísìkì ní "ìsọnù dátà", ó tán. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó bá sọnù, ó ti wà lọ́wọ́ ẹni rí nìyẹn. Ẹni tó ń táìpù prójẹ́ẹ̀tì ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tó tẹ save báyìí tí wọ́n mú iná lọ, ohun tó táìpù yẹn lè má tíì dé orí dísìkì rárá, inú mẹ́mórì ló ṣì wà torí kọ̀ǹpútà máa ń kó iṣẹ́ jọ díẹ̀ kó tó lọ kọ ọ́, dísìkì gan-an tún ní kááṣì (mẹ́mórì kékeré) tiẹ̀, ìyẹn náà ò sì lè dá dúró láìsíná.

Èmi ní ká pín in sí méjì: kọ̀ǹpútà "ti gbà á", kò tíì "kọ ọ́ sílẹ̀". Bí alájọ tó gbowó ẹ tí ò tíì sàmì sí káàdì. "Fi pamọ́" tí wọ́n ń lò fún save yìí, ó ń fọkàn èèyàn balẹ̀ jù.

Èyí tí fáìlì wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ pé, o wá ṣí i, 0 KB, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní "dídàrú". Fíláàṣì tó jẹ́ FAT32 (ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì) ló burú jù níbẹ̀ torí kò ní journal, ibi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀. NTFS àti ext4, tí àwọn náà jẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ní in, àmọ́ ètò dísìkì ló ń dáàbò bò jù, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fáìlì. Ti SSD (dísìkì tí ò ní ohun tó ń yí nínú) tiẹ̀ tún le, iná lè lọ níbi tó ti ń kọ tuntun kó ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni mo gbà pé "ìsọnù" ti bá a mu.

"Bíbàjẹ́" ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún dísìkì fúnra ẹ̀. Ẹ sì rọra lò ó o, torí háàdì dísìkì tẹ́ ẹ kì bọ ojú USB 2.0, tí iná 500 mA tí ojú yẹn ń fún un ò ká, tó wá ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́, ebi iná ló lè máa pa á, ẹ gbé e lọ sójú USB míì ná kẹ́ ẹ tó gbé e fún oníṣẹ́.

Journal ló kù. Ẹnì kan ní "ìwé ìròyìn", ẹ jọ̀ọ́, ìròyìn wo ló ń kà nínú dísìkì? Ohun tó fẹ́ ṣe ló ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kó tó ṣe é. "Àkọsílẹ̀ ìṣáájú" ni mo rí, ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó mú un wá.